Ìyá Àgbà Wa àti Sinimá L'Exorciste

Ọmọ ìyá mẹ́ta ni àwa tí a kọ ọ̀rọ̀ yìí. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ náà ni a ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n Ṣábẹ ni ìdílé ìyá wa ti wá. Ohun tí a fẹ́ sọ ti pẹ́ nínú wa. Ọ̀rọ̀ sinimá kan ni, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ gbèsè kan tí a jẹ ìyá àgbà wa, tí a kò rí san kí ó tó lọ. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni ó rọ̀ wá pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn wa, kí wọ́n má baà jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

Sinimá náà ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní L'Exorciste. William Peter Blatty ni ó kọ ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní ọdún 1971. William Friedkin ni ó sọ ọ́ di sinimá, wọ́n sì kọ́kọ́ fi í han àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1973. Nígbà tí Blatty ń kàwé ní Georgetown, ní ìlú Washington, ó kà nínú ìwé ìròyìn ọdún 1949 nípa ọmọkùnrin kan tí wọ́n ní àwọn àlùfáà Kátólíìkì lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi di ìwé. Nínú ìtàn tirẹ̀, ó fi ọmọbìnrin kan rọ́pò ọmọkùnrin náà. Regan ni orúkọ ọmọ yìí, Chris MacNeil sì ni ìyá rẹ̀, òṣèré sinimá tí ó ń dá tọ́ ọmọ.

Ọdún 1987 ni àwa kọ́kọ́ wò ó. Aládùúgbò wa kan ti ra ẹ̀rọ fídíò wálé láti Kọ́tọ̀nù, gbogbo ọmọ àdúgbò ni ó sì ń péjọ síbẹ̀ ní alẹ́ Sátidé. Àgbà nínú wa jẹ́ ọmọ ọdún 14, àbíkẹ́yìn wa kò ju ọmọ ọdún 9 lọ. Kò sí àgbàlagbà kankan nínú yàrá. A jókòó sórí ẹní, a di ara wa mú, a sì wò ó dé ìparí, nítorí ojú ń ti olúkúlùkù láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dìde. Ohun tí ọmọdé lè rí ni a rí: ibùsùn tí ń mì, orí tí ó yí padà sẹ́yìn, èébì aláwọ̀ ewé, àti ohùn àgbàlagbà tí ń ti ẹnu ọmọdé jáde. Ọ̀rọ̀ Faransé kan sì wọ̀ wá létí tí kò jáde mọ́: possédée.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìsinmi dé. Bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Kọ́tọ̀nù, a gba Bohicon àti Dàsà kọjá, a sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ṣábẹ. Ìyá àgbà wa ti ń dúró dè wá ní ibùdókọ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀kọ ni ó ń tà. Orúnkún ń dùn ún, ọ̀pá ni ó fi ń rìn. Oríkì ni ó fi ń pe olúkúlùkù wa; kò fìgbà kan pe orúkọ Faransé tí wọ́n fi ń pè wá ní ilé-ẹ̀kọ́. A mọ̀ láti kékeré pé elégùn Nàná Bùkúù ni, òrìṣà tí a ń sìn láti Dàsà títí dé Atakpamé, tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé dé Brazil. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni wá. Oorun máa ń gbé wa lọ kí ìlù tó gbóná. Ní ọdún náà, oorun kò gbé wa lọ.

Ìlù dún, orin gòkè, ìyá àgbà wa sì dìde. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ní ọ̀sán wá ń jó ní òru bí ẹsẹ̀ ọmọge. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí wa. Nígbà tí ó la ẹnu, ohùn tí ó jáde kì í ṣe ohùn tí a mọ̀. Àwọn ìyá tí ó yí i ká ń kúnlẹ̀ kí i, wọ́n ń tẹ́tí sí ohun tí ó ń wí. Àwa ni a pariwo. Àgbà nínú wa ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Faransé náà jáde. A sáré wọlé, a ti ilẹ̀kùn, a sì gbé àpótí tì í.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn. Ọ̀pá ti padà sí ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná wá.

— Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ jí dáadáa? Ẹ wá jẹun.

— Ẹ káàárọ̀, ìyá àgbà. A ti yó.

— Ẹ ti yó? Kí ni ẹ ti jẹ?

A kò dáhùn. Ó wò wá títí, ó ní: «Kí ni mo ṣe yín?» A kò tún dáhùn. Ó gbé àwo náà kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn adìyẹ ni ó jẹ oúnjẹ náà.

Láti ìgbà náà ni a ti ń wá àwáwí. Ní ọdún kan, ìdánwò BEPC ni. Ní ọdún kejì, ibà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, baccalauréat dé. Ìyá wa bẹ̀ wá títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà wa kú ní ọdún 1994, ìsìnkú rẹ̀ sì ni ó mú wa padà sí Ṣábẹ. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbé agbo ilé kan náà sọ fún wa pé, ní gbogbo ìgbà ìsinmi, ó máa ń bi àwọn tí ó bá ti ibùdókọ̀ bọ̀ bóyá wọ́n rí ọmọ mẹ́ta kan tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. A kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ní ọdún 2001, nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ńlá fún gbogbo ayé, a bá gbogbo ènìyàn yọ̀, a ń fi yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ilẹ̀ òkèèrè pé àwa Yorùbá ni a mọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá. Nínú ọkàn wa, a rántí àwo àkàrà tí a fi sílẹ̀ fún adìyẹ.

William Friedkin kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ní ọdún tí sinimá rẹ̀ pé àádọ́ta ọdún. Àwọn ọmọ wa tí ń kàwé ní Calavi gbọ́ ìròyìn náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo L'Exorciste. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pinnu pé a ó jókòó tì wọ́n. Ọdún 36 ti kọjá láti alẹ́ Sátidé yẹn. A rò pé ẹ̀rù ni yóò tún bà wá. Ohun tí a kò rò ni ó dé bá wa.

Ẹni tí ìtàn náà dá lé gan-an ni àlùfáà kan tí ń jẹ́ Damien Karras, tí àwa ọmọdé kò kà sí nǹkan kan nígbà náà. Ó jẹ́ dókítà àwọn tí ọkàn wọn dàrú, ó sì ń gba àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn ní Georgetown. Ìyá rẹ̀, arúgbó tí ó ti ilẹ̀ Gíríìsì wá, ń dá gbé ní New York nínú ilé tí kò dára, ẹsẹ̀ sì ń dùn ún. Karras kò lówó, nítorí àlùfáà tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ òṣì ni. Nígbà tí àìsàn ìyá náà le, ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ ni wọ́n gbé e lọ, láàrin àwọn tí ń ké tí ń janpata. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé ibẹ̀, ó bi í léèrè ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun, ó sì yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kú ní òun nìkan nínú ilé rẹ̀. Ó tó bí ọjọ́ méjì kí àwọn ènìyàn tó mọ̀. Nínú àlá Karras, ìyá náà ń sọ àtẹ̀gùn ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kalẹ̀, ọmọ ń ké pè é, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, àbíkẹ́yìn wa dìde jáde kúrò nínú yàrá. Àwọn ọmọ rò pé ẹ̀rù ni. A mọ̀ pé ìyá àgbà ni ó rí.

Láti ibẹ̀ lọ, ojú mìíràn ni a fi ń wò ó. A rí i pé ibùsùn tí ń mì kọ́ ni ohun ìjà ẹ̀mí búburú inú ìtàn yìí. Ohùn ìyá tí ọmọ kọ̀ sílẹ̀ ni. Nínú yàrá Regan, ẹ̀mí náà gbé ohùn ìyá Karras wọ̀, ó gbé ìrí rẹ̀ wọ̀, ó ń bi í léèrè ohun tí ó ti ń bi ara rẹ̀ láti ọjọ́ ikú ìyá rẹ̀. Karras, ẹni tí ó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé bóyá òun ti sọ ìgbàgbọ́ òun nù, kò lè dúró; àlùfáà àgbà Merrin ní láti lé e jáde kúrò nínú yàrá. Nínú ìwé Blatty, àti nínú ẹ̀dà sinimá náà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2000, Merrin ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ọmọ náà nìkan ni ibi yìí ń lépa: àwọn tí ó dúró yí i ká ni ó fẹ́ bà jẹ́, kí wọ́n lè rò pé àwọn ti burú ju ẹni tí Ọlọ́run lè fẹ́ràn lọ. A kà á, a sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ohun tí ó dí wa lọ́wọ́ láti padà sí Ṣábẹ lẹ́yìn ọdún kejì kì í ṣe ẹ̀rù òrìṣà mọ́. Ìtìjú ni. A rò pé ohun tí a ṣe ti burú ju ohun tí ìyá àgbà lè dárí jì lọ, nígbà tí òun sì ń dúró dè wá ní ojú ọ̀nà.

Ohun kejì tí a rí ni sùúrù. Ìyá Regan kì í ṣe onígbàgbọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni ó sì kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Wọ́n ní bóyá egbò wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí i lọ́rùn láti ya àwòrán inú orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde. Ibẹ̀ gan-an ni ó le jù fún wa láti wò, nítorí pé kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀, ọmọdé tí ń jẹ̀rora nìkan ni. Karras fúnra rẹ̀ kò gbà gbọ́ kíákíá. Ó bu omi ẹ̀rọ lásán wọ́n ọmọ náà, ó sì sọ fún un pé omi mímọ́ ni. Ọmọ náà ké bí ẹni tí iná jó. Nítorí náà, Karras ṣiyèméjì. Ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fetí sí i léraléra, lẹ́yìn náà ni ó tó tọ bíṣọ́ọ̀bù lọ gba àṣẹ. Ní àyíká wa lónìí, a mọ àwọn ọmọ tí wárápá ń ṣe, tí wọ́n gbé lọ fún ìtúsílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní láìjẹ́ pé nọ́ọ̀sì kan rí wọn. Bí àwọn tí ń fẹ́ràn sinimá yìí bá kọ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lára rẹ̀, kí ó jẹ́ sùúrù ìyá náà àti iyèméjì àlùfáà náà.

Ohun kẹta ni ìparí rẹ̀. Merrin kú lẹ́nu iṣẹ́. Karras di ọmọ náà mú, ó sì ké sí ẹ̀mí náà pé kí ó fi ọmọ sílẹ̀, kí ó wá mú òun. Ó wọ inú rẹ̀. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó pa ọmọ náà, ó fi agbára tí ó kù fún un gba ojú fèrèsé jáde, ó sì ṣubú lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gígùn ẹ̀gbẹ́ ilé náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa sọ pé: «Òun náà yọ̀ǹda ara rẹ̀ kí nǹkan lè wọ̀ ọ́. Kí ni ó wá yàtọ̀ sí ti ìyá àgbà yín?»

A kò ti sọ ìtàn ìyá àgbà fún wọn tán rí. Ní òru ọjọ́ náà, a sọ gbogbo rẹ̀, títí kan àwo àkàrà. Lẹ́yìn náà ni a wá dáhùn ìbéèrè náà, díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń rí i.

Ọ̀rọ̀ Faransé náà, posséder, ohun ìní ni ó ń sọ. Ẹni tí a bá pè ní possédé ti di ẹrù ẹlòmíràn. Yorùbá kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa òrìṣà. A ní òrìṣà gùn ún. Elégùn ni ẹni tí a ń gùn. A tún ń pè é ní ẹṣin òrìṣà. Ẹni tí ó bá gun ẹṣin yóò sọ̀ kalẹ̀, ẹṣin yóò sì padà lọ jẹ koríko rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá fi yí ìyá àgbà wa ká ní òru náà: wọ́n mọ orin tí a fi ń pè é àti èyí tí a fi ń dá a padà. Wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n ti ṣe ètò rẹ̀, ó sì ti gbà fún wọn. Ní Brazil, àwọn ọmọ Candomblé tí ń pe ara wọn ní ìran Ketu ṣì ń pe ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ ìdí òrìṣà ní iaô, èyí tí í ṣe ìyàwó nínú èdè tiwa. Ọ̀rọ̀ ìyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrú. Ti Regan yàtọ̀: ẹnikẹ́ni kò bi í, ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, ohun tí ó sì wọ inú rẹ̀ kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Èyí ni ibi. A kò sọ pé kò sí ibi. Àṣìṣe wa ni pé a fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjèèjì.

Kì í ṣe àwa ni ó kọ́kọ́ ṣe irú àṣìṣe yìí. Ìbẹ̀rẹ̀ sinimá náà wà ní àríwá Ìráákì, níbi tí Merrin ti ń wa ilẹ̀ tí ó sì rí ère Pazuzu. Ìwé Blatty fi Pazuzu ṣe ẹ̀mí tí ó bá Regan jà. Ní ayé àtijọ́, àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rù Pazuzu lóòótọ́, ọba àwọn ẹ̀mí afẹ́fẹ́ búburú ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ń so ère rẹ̀ mọ́ra àwọn aboyún àti ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú, kí ó lè lé Lamashtu, ẹni tí ń pa ọmọ. Aláàbò ọmọdé kan náà ni ó di apọmọ nínú ìtàn àwọn àjèjì. Àwa Yorùbá mọ irú ọ̀nà yìí. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ní ọ̀rúndún 19, nínú iṣẹ́ tí Samuel Ajayi Crowther jẹ́ òpó rẹ̀, orúkọ Èṣù ni wọ́n fi pe ọ̀tá Ọlọ́run, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ońṣẹ́ tí ń gbé ẹbọ lọ sí ọ̀run ni àwọn baba wa mọ̀ ọ́n sí. Nínú sinimá kejì, èyí tí John Boorman ṣe ní ọdún 1977, wọ́n fi hàn pé ọmọkùnrin kan ní Ethiopia ni Merrin ti lé Pazuzu kúrò lára rẹ̀ nígbà kan rí. Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ Ethiopia yìí ni Kokumo. A rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a dákẹ́. Orúkọ àbíkú ni Kòkúmọ́ láàrin wa. Àdúrà òbí ni, pé kí ọmọ yìí dúró. Bí a bá wò ó dáadáa, àdúrà ìyá Regan náà nìyẹn.

Ní ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, a kó àwọn ọmọ lọ sí Ṣábẹ. Ọkọ̀ ojú irin kò gbé èrò mọ́. Mọ́tò ni a wọ̀. Ọmọ àbúrò ìyá àgbà ni ó wà ní ìdí òrìṣà náà báyìí. Ó mú wa dé ibi sàréè, ó sì fi wá sílẹ̀ níbẹ̀. A sọ ohun tí ó yẹ kí a ti sọ ní ọdún 1987. Nígbà tí a padà dé agbo ilé, wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wa, a sì jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀kan nínú wa ń gba Ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Èkejì fẹ́ Mùsùlùmí, ó sì ń kírun. Ẹ̀kẹta ń ronú lọ́wọ́. A kò kọ èyí láti fa ẹnikẹ́ni kúrò ní ìdí ohun tí ó gbà gbọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ní ìyá àgbà ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Dàsà tàbí ní Atakpamé, ẹ wo sinimá tí ó bá wù yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ohun kan lára àgbà yín tí ó bà yín lẹ́rù, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó sá. Bí ẹ bá sì ti sá, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dí yín lọ́nà ilé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì máa bi àwọn tí ó ti ojú ọ̀nà bọ̀ léèrè yín.